Ẹ̀gbọ́n Mi Alágboòrùn

Nílé tiwa, bí ẹnìkan bá gun àga láti pààrọ̀ gílóòbù, gbogbo àwa tó kù á yí i ká, a ó na ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ jòjòló. Ìyá wa á di ẹsẹ̀ àga mú. Bàbá wa á jókòó síbi tó wà, á máa wo ilẹ̀ títí ẹni náà á fi sọ̀ kalẹ̀. Kàfíńtà tó ń kan òrùlé ni bàbá wa tẹ́lẹ̀. Ọdún tí mo wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni pákó kan yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tó já láti orí ilé alájà mẹ́ta. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún kò padà bọ̀ sípò mọ́. Láti ìgbà náà, àga àti tábìlì ló ń kàn nínú yàrá kan nísàlẹ̀ ilé wa, ọ̀pá tó fi ń rìn á sì fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí mo bá wá sọ fún yín pé inú irú ilé yìí ni obìnrin tó kọ́kọ́ fò láti orí ògiri àpáta tó ga jù lọ ní ilẹ̀ wa ti jáde, ẹ óò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò retí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Èmi tí wọ́n bí tẹ̀lé e ni mò ń sọ ọ́, nítorí òun fúnra rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá bi í pé báwo ló ṣe rí lókè lọ́hùn-ún, á ní, “Ó dáa.” Ó parí nìyẹn.

Kọ́tìnì ló ń rán. Ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ wà lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe, débi pé òórùn gọ́ọ̀mù bàtà kì í kúrò lára aṣọ rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, pẹ̀lú tábìlì gígùn kan tí wọ́n ti ń gé aṣọ, àti àlùmọ́gàjí kan tí ìyá oníṣọ́ọ̀bù kọ́tìnì náà fi okùn so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, nítorí gbogbo èèyàn ló máa ń wá a, kò sì sí ẹni tó máa ń gbà pé òun ló gbé e. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti jáde iléèwé ló ti wà níbẹ̀. Ó mọ aṣọ rán, ojú ìrán rẹ̀ gún débi pé ẹ lè fi ṣe rúlà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti sú u. Ọjọ́ kan tí àwa méjèèjì jọ ń tẹ́ ibùsùn, ó kàn dúró, ó ní, “Àbúrò, fèrèsé àwọn ẹlòmíì ni mo fi gbogbo ayé mi ń bò. Mi ò tíì ṣí ẹyọ kan rí.” Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Mo rẹ́rìn-ín, a sì ń tẹ́ ibùsùn wa lọ.

Ó ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ọkùnrin kan gun àtẹ̀gùn wá sí ilé iṣẹ́ wọn pẹ̀lú àpò lẹ́yìn. Ó ga, ó tín-ín-rín, ọrùn rẹ̀ gùn bíi ti ẹyẹ odò. Pápá bàálù kékeré tó wà ní ìpẹ̀kun ìlú ló ti wá, níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń sanwó kí wọ́n lè bẹ́ jáde látinú bàálù pẹ̀lú páráṣúùtì, aṣọ tó ń ṣí bí agboòrùn ńlá láti gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Òun ni olórí àwọn tó ń tọ́jú páráṣúùtì níbẹ̀. Ọ̀gá Tẹ́ẹ́rẹ́ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ó sì ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ tí òun lè kọ́ níṣẹ́. Ó tú aṣọ inú àpò náà sórí tábìlì. Aṣọ náà fúyẹ́ débi pé bí ẹ bá mí sí i, á gbéra.

Ìyá oníṣọ́ọ̀bù wò ó, ó fà sẹ́yìn.

“Bí kọ́tìnì tèmi bá ya, inú ilé ni wọ́n máa rí. Bí eléyìí bá ya ńkọ́?”

“Ìyẹn ni mo ṣe ń wá ẹni tí tiẹ̀ kì í ya,” ni ọkùnrin náà dá a lóhùn.

Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ náà tán, ẹ̀gbọ́n mi ti fi ìka méjì mú etí aṣọ náà, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún níwájú fèrèsé. Kí oṣù náà tó parí, ó ti kó abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrò lókè ṣọ́ọ̀bù alábàtà.

Ọ̀gá Tẹ́ẹ́rẹ́ kò jẹ́ kó fi abẹ́rẹ́ kan páráṣúùtì kankan lọ́dún àkọ́kọ́. Kíká ló ní kó kọ́kọ́ mọ̀. Inú yàrá gígùn kan tó dà bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń ká a, ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ bí àwo, ìkọ́ irin wà lára ògiri tí wọ́n ń fi okùn rẹ̀ kọ́. Wọ́n á tẹ́ aṣọ náà, wọ́n á to àwọn okùn rẹ̀ kí ọ̀kan má baà lọ́ mọ́ ìkejì, wọ́n á pa á pọ̀ ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po, wọ́n á fi orúnkún lé atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, kí wọ́n tó tì í bọ inú àpò kan tí ẹ kò ní gbà gbọ́ pé ó lè gbà á. Wọn kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ nígbà tó ń ká a lọ́wọ́, Ọ̀gá Tẹ́ẹ́rẹ́ á ní kó tú u, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

“Ẹni tó máa gbé e kọ́rùn kò sí níbí,” ló máa ń wí. “Ìwọ lo wà níbí fún un.”

Òfin kan wà ní pápá náà tí ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀ títí ọjọ́ tí Ọ̀gá Tẹ́ẹ́rẹ́ fi dúró tì í, tó tọ́ka sí àpò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì tán.

“Ṣé èyí dára?”

“Ó dára, Ọ̀gá.”

“Ṣé o lè gbé e kọ́ èjìká ara rẹ?”

Ẹ̀gbọ́n mi wo àpò náà, ó wolẹ̀. Ọ̀gá Tẹ́ẹ́rẹ́ kò bínú. Ó ní kò sí ẹni tó máa fipá mú un, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè gbé ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì, kò yẹ kó máa dì í fún ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Oúnjẹ kò wọlé dáadáa. Èmi nìkan ló sọ fún, èmi náà ni mo sì bá a lọ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ ọ tán, tó fẹ́ gbé tirẹ̀ bẹ́ jáde, nítorí ẹ̀rù ń bà mí láti dúró sílé.

Mo dúró lórí pápá, mo gbé ọrùn sókè títí ó fi ń dùn mí. Bàálù náà kéré lójú bí eṣinṣin. Àwọn kan jáde, wọ́n já wálẹ̀ bí ẹ̀wà tó bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn páráṣúùtì ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan tó láwọ̀ pupa yí gbiri-gbiri, ó ré kọjá ibi tí wọ́n fi ẹfun sàmì sí, ó sì bọ́ sínú koríko lọ́hùn-ún. Mo sáré débẹ̀. Ìdí ni ẹ̀gbọ́n mi fi balẹ̀. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú, koríko wà nínú irun rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

“Ṣé ẹ fara pa?”

“Mi ò ro nǹkan kan,” ló ń wí. “Àbúrò, nígbà tí mo wà lókè, mi ò ro ẹyọ nǹkan kan. Mi ò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe.”

Ẹ̀jẹ̀ tó bá kan aṣọ funfun, ẹ kò lè fi í pamọ́. Nígbà tí a délé, ìyá wa ń lọ aṣọ. Ó wo orí ẹ̀gbọ́n mi.

“Ibo lo ti rí koríko?”

Ẹ̀gbọ́n mi kì í purọ́. Ó sọ ọ́. Ìyá wa gbé áyọ́ọ̀nù náà dúró, ó fà á yọ lára iná, ó jókòó. Bàbá wa wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó padà sínú.

“Ilẹ̀ dára,” ni ìyá wa wí nígbẹ̀yìn. “Ilẹ̀ kì í já èèyàn kulẹ̀. Kí ni ilẹ̀ ṣe fún ọ?”

“Kò ṣe mí ní nǹkan kan, Màmá. Mo padà sórí rẹ̀ náà.”

Láti ọjọ́ náà ni ìyá wa ti ń pè é ní Alágboòrùn. Kì í ṣe orúkọ oríyìn nígbà náà o. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá wọlé, á ní, “Alágboòrùn ti dé, ẹ gbé oúnjẹ rẹ̀ fún un kó tó tún bá afẹ́fẹ́ lọ.” Àwọn aládùúgbò gbọ́ ọ, wọ́n mú un. Ó dé pápá bàálù, wọ́n mú un níbẹ̀ náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sára àpò rẹ̀. Orúkọ tí ìyá wa fi ń bú u ló wá di orúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n.

N kò ní fi gbogbo ọdún tó tẹ̀lé e dá yín lágara. Ó ń fò, ó ń ká, ó ń rán. Ó gba ìwé àṣẹ pé ó lè kọ́ ẹlòmíì. Ó lọ síbi ìdíje tí wọ́n ti ń wo ẹni tó máa fi gìgísẹ̀ tẹ àmì kékeré kan tó tó ìdérí ìkòkò láti ojú ọ̀run, ó sì gba ipò kìíní níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn kan máa ń pariwo bí wọ́n bá bẹ́ jáde. Òun, ẹnu rẹ̀ á pa dé, ojú rẹ̀ á sì là bíi ti ẹni tó ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti orí ohun tí kò kúrò nílẹ̀: afárá, òpó rédíò, àti bèbè àpáta. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Ẹni tó bẹ́ látinú bàálù láyè láti ronú. Bí páráṣúùtì àkọ́kọ́ bá kọ̀ fún un, èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bẹ́ lórí àpáta kò láyè yẹn. Ẹyọ kan ló gbé, ògiri sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí páráṣúùtì bá ṣí, tó sì kọjú sódì, ògiri náà ló máa bá pàdé. Ọ̀gá Tẹ́ẹ́rẹ́ kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní, “Bàálù ní ìlẹ̀kùn, èèyàn lè jókòó padà. Àpáta kò ní àga.” Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi bá ń lọ, òun ló máa ń yẹ àpò rẹ̀ wò gbẹ̀yìn, á fi ọwọ́ ra gbogbo ojú ìrán rẹ̀ nítorí ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́.

Orí afárá kan tó ga ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Páráṣúùtì rẹ̀ ṣí lódì. Ó fa okùn láti yí i padà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i tán kó tó fi ẹ̀gbẹ́ gbá òpó afárá náà. Ó ré wálẹ̀ sí etí odò. Itan ọ̀tún ṣẹ́, ọrùn ẹsẹ̀ fọ́. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan dúró tì í, ó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

“Ẹ já láti orí afárá?”

“Mi ò já,” ni ẹ̀gbọ́n mi fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ dá a lóhùn. “Mo fò ni.”

“Ẹnìkan tì yín ni?”

“Mo ní mo fò.”

Nọ́ọ̀sì wò mí bí ẹni tó ń wá olóye ẹ̀dá kan nínú yàrá náà. Mo kàn mi orí.

Wọ́n fi irin sí i nítan. Ìyá wa ń wá lójoojúmọ́, ó ń fọ irun rẹ̀, ó ń pa aṣọ rẹ̀ dà, kò sì sọ ọ̀rọ̀ afárá rárá. Èmi mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló ń dun ẹ̀gbọ́n mi ju irin lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá wa wá. Ó pẹ́ kó tó rí àyè gbé ọ̀pá rẹ̀ sí, ó wá fa àga mọ́ ibùsùn.

“Ṣé o ṣì fẹ́ padà?”

“Bàbá, ẹ má bínú sí mi.”

“Mi ò bínú. Mo bi ọ́ léèrè ni.”

Ẹ̀gbọ́n mi wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́ sókè. “Mo fẹ́ padà,” ló wí.

Bàbá wa mi orí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu orúnkún ara rẹ̀ bíi pé eruku pákó wà níbẹ̀.

“Gbogbo èèyàn rò pé ẹ̀rù ló bà mí tí mi ò fi gun òrùlé mọ́,” ló wí. “Ẹ̀rù ò bà mí. Ẹsẹ̀ yìí ì bá gùn ún, bó tiẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbé àkàbà, ìyá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún, ni mo bá gbé e sílẹ̀. Títí dòní, bí òjò bá ń rọ̀, mo máa ń gbọ́ ọ lórí páànù àwọn ẹlòmíì, mo sì ń mọ èyí tí wọn ò kàn dáadáa.”

A kò mọ̀ pé ìyá wa ti dé. Ó dúró lẹ́yìn wa pẹ̀lú fúláàsì tíì lọ́wọ́.

“Láti gbogbo ọdún yìí wá,” ló wí, “ẹ ò sọ fún mi.”

“O ò bi mí,” ni bàbá wa fèsì.

Ìyá wa jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn. Ó bu tíì fún bàbá wa, ó bu fún ẹ̀gbọ́n mi, ó bu fún èmi náà, ó wá rí i pé kò kù fún òun. Ó gba ti ọwọ́ mi, ó mu ún.

“Mi ò ní gbàdúrà pé kí o fò,” ló sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. “Ẹ má retí ìyẹn lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà sunkún mọ́. Ẹ̀yin méjèèjì ò ní sọ mí di wọ́dà ẹ̀wọ̀n.”

Bí ẹsẹ̀ náà ṣe san, ìtàn gígùn ni. Ọ̀pá abẹ́ abíyá ni ó kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà ó ń lo ọ̀kan nínú ọ̀pá bàbá wa, àwọn méjèèjì á sì máa rìn lọ ní àdúgbò ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀kan ń tiro sọ́tùn-ún, èkejì náà ń tiro sọ́tùn-ún, àwọn aládùúgbò á ní wọ́n ń yan bí ológun. Kí ó tó padà wọ bàálù, ó ti rán páráṣúùtì tuntun kan fún ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, aláwọ̀ òféfèé tó dán. Ó padà bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ìrìn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni.

Ògiri àpáta tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ wà ní ọ̀nà jíjìn sí wa, lẹ́bàá adágún omi kan. Àwọn ọkùnrin díẹ̀ ti fò níbẹ̀. Kò tíì sí obìnrin kankan. Nígbà tí ìròyìn jáde pé ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ṣe é, ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ohun mímu inú agolo ní àwọn máa gbé e dé ibẹ̀, àwọn á sì ya fídíò rẹ̀. Wọ́n kó èrò wá. Wọ́n gbé àwòrán agolo náà sí àyà aṣọ rẹ̀. Èmi náà bá wọn gun òkè, èmi ni mo gbé omi.

Nígbà tí a dé orí rẹ̀, oòrùn ti yọ, ìsàlẹ̀ ń dán bí gíláàsì. Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ etí àpáta, ó mú ìrépé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó jù ú láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Aṣọ náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, ó wá yí padà, ó fò kọjá lórí wa sẹ́yìn. Ó ju òmíràn. Bákan náà. Ó jókòó sórí òkúta. A jókòó tì í. Ó tún jù ú, ó tún jù ú, afẹ́fẹ́ ń dá a padà sí ògiri.

Níkẹyìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìgbànú àyà rẹ̀.

“Kí ló ṣẹlẹ̀?” ni aṣojú ilé iṣẹ́ náà béèrè.

“Mò ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀.”

“Ìyáàfin, àwọn ayàwòrán wà nísàlẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń dúró dè yín.”

“Wọ́n á rí mi bí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká kan bí ẹni tó ń ti ọjà bọ̀.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ọjọ́ tí a fi sọ̀ kalẹ̀. Irin inú itan rẹ̀ ń dùn ún ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti da gẹ̀rẹ́. Ìwé ìròyìn kan gbé e jáde pé Alágboòrùn fi ẹsẹ̀ rin agboòrùn rẹ̀ délé. Ilé iṣẹ́ ohun mímu kò pè mọ́.

Ohun tó bà á nínú jẹ́ kì í ṣe ìwé ìròyìn. Ó sọ ọ́ níbi oúnjẹ, ní ìrọ̀lẹ́ kan tí gbogbo wa pé jọ. “Mo ń bi ara mi,” ló wí. “Ṣé afẹ́fẹ́ ni, àbí ẹ̀rù ni mo pè ní afẹ́fẹ́?”

Bàbá wa ló dá a lóhùn. “Akíkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ogun lọ,” ló wí. “Bó bá tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀rù, ó gbé ọ délé. Ìwọ fún un lóúnjẹ, kó o sì jẹ́ kó sinmi.”

Ìyá wa ní, “Ẹ̀rù ò ní jẹ nínú ẹran mi o.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun dáadáa.

Ọdún kejì ló padà lọ. Kò sí ilé iṣẹ́, kò sí agolo. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń fò rán ẹnìkan tó máa wọn gíga àpáta náà, tó sì máa fi ojú ara rẹ̀ rí i. Àwọn méjì tí ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ ní fífò bá a gun òkè. Ọ̀gá Tẹ́ẹ́rẹ́, tó ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, yẹ àpò rẹ̀ wò pẹ̀lú ìka kí wọ́n tó gùn, ó wá dúró pẹ̀lú èmi àti bàbá wa nísàlẹ̀, lórí koríko tó wà lẹ́bàá adágún. Ìyá wa kò wá. Ó ní tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀, kí n pe òun. Bí kò bá tíì kan ilẹ̀, kí n má pe òun rárá.

A dúró pẹ́. Ọ̀gá Tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè rí orí àpáta náà, ó sì ń bi mí léraléra, “Ṣé ó ti dúró sétí?” Mo ní rárá. Bàbá wa gbé ojú sókè. Láti kékeré mi, n kò tíì rí i kó wo ohun gíga pẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

“Ó ti dúró,” ni mo wí.

Kò dúró pẹ́. Ó fò. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé kò kúrò lójú kan, bí àmì kékeré lára ògiri, lẹ́yìn náà ni àmì náà kúrò lára ògiri, ó ń tóbi. Ohùn ni mo wá gbọ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ń ya aṣọ gígùn kan láìdáwọ́ dúró. Mo di apá bàbá wa mú, mo sì mọ̀ pé òun náà di tèmi mú. Lójijì, aṣọ òféfèé náà ṣí gbàù, ariwo rẹ̀ kọlu àpáta, ó padà wá bá wa. Ó kọjú síta. Ó kọjú sí adágún tààrà.

“Ó ṣí,” ni Ọ̀gá Tẹ́ẹ́rẹ́ wí kí n tó sọ fún un. “Mo gbọ́ ọ. Ó ṣí dáadáa.”

Ó yí ká orí omi lẹ́ẹ̀kan, ó wá balẹ̀ níwájú wa lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó rin ìwọ̀nba ìgbésẹ̀ kó tó dúró, aṣọ náà sì rọra dùbúlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá wa ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mi ò mọ bó ṣe rìn ín, nítorí ọ̀pá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi. Ó fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó ní, “O ṣe é bó ṣe yẹ.” Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí lé e láyà.

Mo pe ìyá wa.

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ńkọ́?” ló kọ́kọ́ béèrè.

“Méjèèjì wà níbẹ̀, Màmá.”

Mo ń gbọ́ mímí rẹ̀. “Ṣé ó ti jẹun?”

Ẹni tó wá wọn gíga kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìwé ìròyìn tó fi í ṣẹ̀sín sì gbé àwòrán rẹ̀ jáde lójú ewé àkọ́kọ́. Ìyá wa gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ilé ìdáná. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní ìlẹ̀kùn náà ló ní ihò, òun ń fi dí i ni.

Ó tó ọdún mélòó kan tí kò sí obìnrin mìíràn tó fò láti ibi tó ga tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń wa ọkọ̀ agbérò pè é lórí fóònù. Ó fẹ́ fò láti orí ṣóńṣó kan tó wà lápá òsì àpáta náà, èyí tó ga ju ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti fò lọ, ṣùgbọ́n kò mọ bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un: ibi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń yí padà, ibi tí òkúta ti yọ jáde, ibi tó dára láti jókòó bí èèyàn bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, rẹ́kọ́ọ̀dù yín lẹ ń kó fún un yẹn o.”

“Mo mọ̀,” ló wí. “Ibẹ̀ dá páropáro. Ó dára kéèyàn ní ẹnìkejì tó mọ bó ṣe rí.”

Ọ̀dọ́bìnrin náà fò ó, ó sì gba rẹ́kọ́ọ̀dù náà. Ẹ̀gbọ́n mi wà nísàlẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun ló bá a ká páráṣúùtì rẹ̀. Ní báyìí, òun ni olórí yàrá gígùn yẹn ní pápá bàálù, ó sì máa ń so àwọn tí kò fò rí mọ́ àyà rẹ̀, wọ́n á jọ bẹ́ jáde. Bí òtútù bá mú, itan rẹ̀ máa ń dùn ún, á sì máa fi irin inú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó mọ ojú ọjọ́ ju rédíò lọ. Òun àti ọ̀dọ́bìnrin awakọ̀ náà ti rí àpáta mìíràn, ní ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n fẹ́ jọ fò papọ̀ ní ọdún tó ń bọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá ìyá wa nínú yàrá ẹ̀gbọ́n mi tó di etí aṣọ náà mú fún un kó má baà wọ́ nílẹ̀, ó ń bá a jà pé àwọ̀ tó yàn kò mọ́lẹ̀ tó, pé báwo ni èèyàn ṣe máa rí i láti ìsàlẹ̀.